Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Òfin Mọpẹ́olúwa

Jonah tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láti tún tábìlì orúkọ àwọn aláìsàn ṣe, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀, ó fara balẹ̀ bí ẹni tí ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà tún kọ̀ ọ́. Ni ó bá yí àga rẹ̀ padà, ó wo Mọpẹ́olúwa tí ó jókòó sí àga kejì tí kò gbójú sókè.

"Àǹtí Mọpẹ́, ẹ̀rọ yìí ti di Pétérù o. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Àkùkọ ò sì tíì kọ."

"Ó mọ̀ ọ́. O lè ka orúkọ aláìsàn, o lè kọ ọ́ sílẹ̀. O kàn ò lè yí ìrísí tábìlì padà mọ́ ni."

"Èmi nìkan?"

"Gbogbo yín. Láti àárọ̀ yìí lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló kù, Jonah. Ọwọ́ mi ló wà."

Jonah fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọ́fíìsì wọn wà ní Akwa, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lójú títì kan tí òjò ti gbẹ́ kòtò sí. Níbẹ̀ ni àjọ tí àwọn ìjọ bíi mélòó kan para pọ̀ dá sílẹ̀ ti ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wọn káàkiri Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Ọ̀kan wà ní Youpwè, nítòsí ibi tí ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Ọ̀kan wà lẹ́bàá Marché Congo. Ọ̀kan wà ní PK8, lójú ọ̀nà tó jáde ní ìlú. Orúkọ gbogbo aláìsàn, àìsàn tí ń ṣe wọ́n, oògùn tí wọ́n ń lò àti èyí tí kò gbọdọ̀ kàn wọ́n, inú tábìlì ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, nínú ẹ̀rọ tí ń kùn ní yàrá ẹ̀yìn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń kà á, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Mọpẹ́olúwa ni olùtọ́jú rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lo tábìlì náà kò mọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi àyè tuntun kún un, tàbí kí ó yí èyí tó wà níbẹ̀ padà, ńṣe ni ẹ̀rọ máa ń ti tábìlì náà pa títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹni tí ń kà á yóò dúró. Ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ yóò dúró. Gbogbo ilé ìwòsàn wọn ní Douala yóò dúró.

Jonah kò sì mọ bí a ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé rárá. Bí pásítọ̀ kan bá pè é láti Youpwè pé òun fẹ́ àyè tí wọn yóò máa kọ orúkọ ọkọ̀ apẹja sí, Jonah á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Bí ìyá ìjọ kan bá fẹ́ mọ èwo nínú àwọn aláìsàn ló ti ṣe ìrìbọmi, Jonah á ní, "Ó ti tán, Màmá." Ọmọ dáadáa ni. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí àgbà bá rán níṣẹ́ kì í béèrè pé nígbà wo. Báyìí ni tábìlì náà ṣe ń fẹ̀ sí i, tí ó ń wúwo sí i, tí ó sì ń dákú lọ́sàn-án gangan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dákú nígbà tí ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹja ní Youpwè ń mí gúlegúle lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mọ oògùn ọkàn tí ìyá náà ń lò. Ojú kọ̀ǹpútà ń yí, ó ń yí. Nígbà tí ó máa ṣí, ìyá náà ti sùn nínú Olúwa. Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ì bá yè. Ṣùgbọ́n Mọpẹ́olúwa mọ ohun tí Jonah ń ṣe nínú tábìlì ní àkókò náà, Jonah náà sì mọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jókòó láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò la ẹnu.

Mọpẹ́olúwa kò bá a wí. Òfin ni ó kọ. Kò sẹ́ni tí yóò yí ìrísí tábìlì padà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ àyípadà, kí ó béèrè. Wọn á kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀dà tábìlì náà. Tí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọn á ṣe é. Ó gbé e lọ bá Alàgbà Oyèkọ́lá, ọ̀gá wọn. Alàgbà kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

"Òfin àwọn ará Mídíà àti Páṣíà nìyí o, Mọpẹ́. Kò gbọdọ̀ yẹ̀."

"Kò ní yẹ̀, sà," ni Mọpẹ́olúwa fi dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ yìí tí òfin bẹ̀rẹ̀, tábìlì náà ń dáhùn kíákíá bí ọmọ tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Mọpẹ́olúwa ń wò ó, ara ń tù ú. Ìgbà náà ni fóònù Jonah dún.

Monique ni, nọ́ọ̀sì àgbà ní PK8. Jonah tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Àǹtí, àwọn kan ti dé láti Kumba," ni ó wí. "Monique ní wọ́n pọ̀. Wọn ò ní káàdì."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn ní Douala lọ́dún náà. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, abúlé ń jóná, àwọn ènìyàn sì ń rìn nínú igbó wá sí ìlú ńlá tàwọn ti ẹrù lórí. Káàdì ìdánimọ̀ òmíràn jó mọ́lé, ti òmíràn bọ́ sínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni tábìlì wọn kì í gba ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà káàdì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀: àyè náà kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹni tí kò bá sì sí nínú tábìlì, oògùn kankan kò ní jáde fún un, nítorí ilé oògùn wọn kì í gba ìwé tí a fọwọ́ kọ.

"Ẹ jẹ́ ká kàn tú àyè yẹn sílẹ̀, kó lè ṣófo," ni Jonah wí. "Nǹkan kékeré ni, Àǹtí."

"Gbogbo rẹ̀ ló máa ń jẹ́ nǹkan kékeré."

Jonah sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Tí èrò bá ti dín kù?"

"Ọjọ́ Ìsinmi."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yìí, Àǹtí."

"Mo mọ ọjọ́ tó jẹ́."

Kì í ṣe pé àánú kò ṣe é. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí òfin bá tẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, kí ni yóò sọ fún pásítọ̀ Youpwè ní ọjọ́ kejì? Àánú ló ti kó wọn dé ibi tí wọ́n dé. Ó ń rí ìyá arúgbó náà lórí bẹ́ǹṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fojú kàn án rí.

Jonah na fóònù sí i. "Ẹnì kan ní òun fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Mọpẹ́ mi."

Ó mọ ohùn náà kí ó tó parí ọ̀rọ̀. "Adéfúnkẹ́! Ṣé ìwọ nìyí? Kumba ńkọ́?"

"Ká máa dúpẹ́ ẹ̀mí. Ilé ti lọ. Akíntúndé ọkọ mi ní òun ò ní fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Láti àná, fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́. Mo ti wà níbí látàárọ̀, ibà ń ṣe mí, mi ò sì lè jókòó dáadáa nítorí ikùn yìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ò fẹ́ mi. Ṣé torí pé mo sanra ni?"

Mọpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí ojú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí Adéfúnkẹ́ bá wá ra aṣọ ní Marché Congo láti lọ tà ní Kumba, ilé Mọpẹ́olúwa ló máa ń sùn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọdún pọ̀ tí wọ́n fi gbà á. Oyún yìí ni ìdáhùn rẹ̀, àkọ́kọ́ ni.

"Wọ́n á tọ́jú rẹ. Tí mo bá ti ṣíwọ́, mo ń bọ̀. Fún Monique ní fóònù."

Monique gbà á. Faransé ni ó ń sọ, ó sì ń yára. "Madame Mopé, báwo ni kí n ṣe é? Mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí nọ́ńbà."

"Ẹ ní sùúrù di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni."

 Ariwo ọmọ tí ń sunkún ń wọlé láti ẹ̀yìn Monique. "D'accord," ni ó wí níkẹyìn. "On va se débrouiller."

A ó wá ọgbọ́n kan dá. Kò sẹ́ni tí kì í sọ ọ́ ní Douala, láti orí awakọ̀ dé orí ìyàwó ilé. Ọ̀rọ̀ náà tu Mọpẹ́olúwa lára. Kò béèrè ọgbọ́n wo.

Ní ọ̀sán, Alàgbà Oyèkọ́lá yọ orí wọlé, inú rẹ̀ dùn. "Youpwè ti pè mí. Wọ́n ní kí àwọn tó fọwọ́ kàn án, ó ti ṣí. Marché Congo náà pè. Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n rẹ, Mọpẹ́."

"Àmín, sà."

Jonah kò yíjú padà.

Nígbà tí Alàgbà lọ tán, Mọpẹ́olúwa bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú tábìlì náà bí ìṣe rẹ̀, láti mọ ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ó rí orúkọ kan ní PK8 tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń pa dé, tí wọ́n tún ń ṣí. Ó rò pé àṣìṣe ni. Ó ṣí i.

Obìnrin ni. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ó ti ní ọmọ-ọmọ tó ti gbéyàwó. Ó lóyún. Ó ní ìpá, tí í ṣe àìsàn ọkùnrin. Ó ń ṣu gbuuru, ìwọ̀n oògùn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sì kọ fún un. Ní àyè oògùn tí kò gbọdọ̀ kàn án, ọ̀rọ̀ kan ti wà níbẹ̀ rí láàárọ̀. Ẹlòmíràn ti kọ tirẹ̀ lé e, ẹlòmíràn tún ti kọ tirẹ̀ lé ìyẹn. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni: Kò sí.

Mọpẹ́olúwa kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó rántí pé ara Adéfúnkẹ́ kì í gba pẹnisílínì. Wọ́n fún un rí nígbà èwe, díẹ̀ ló kù kó kú. Ó máa ń fi í ṣe ìtàn, ó máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó lè fi bí ojú òun ṣe rí hàn.

Ó pe Monique. Ariwo ọjà ló kọ́kọ́ dáhùn, kí ohùn Monique tó wọlé.

"Nọ́ńbà ta ni ẹ fi kọ wọ́n sílẹ̀?"

"Ti màmá mi," ni Monique wí, kò sì tijú. "Màmá ti kú. Aláàánú ni, kò ní bínú. Ẹ ti ilẹ̀kùn, Madame. Àwọn ènìyàn ń gbọ̀n lórí ilẹ̀, a gba ojú fèrèsé."

"Gbogbo wọn? Nọ́ńbà kan náà?"

"Màmá kan ṣoṣo ni mo ní."

"Adéfúnkẹ́, tó lóyún. Pẹnisílínì…"

"Ó sọ fún mi. Mo mọ̀."

"Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí?"

"François. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án."

"Ṣé ẹ sọ fún un?"

Mọpẹ́olúwa gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo tòmátò. Nígbà tí Monique máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ," ni ó wí.

François kò gbé fóònù. Jonah ń pè é lọ, kò yéé pè. Mọpẹ́olúwa ti sọ̀kalẹ̀, ó ti gun ẹ̀yìn ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní bensikin, ó ń sọ fún ọlọ́kadà pé PK8, PK8, kó yára. Òjò ń rọ̀. Ní Ndokoti, ọkọ̀ dí mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí erinmi. Ó fẹ́ ka Sáàmù, ẹsẹ̀ kan kò délẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ti ọba Dáríúsì, tí ó fọwọ́ sí òfin, tí ó sì ṣe làálàá títí oòrùn fi wọ̀ kó lè gba Dáníẹ́lì sílẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Dáníẹ́lì ni wọ́n kọ́ wọn láti fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn láti káàánú ọba.

Níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n jókòó lórí ẹrù wọn lábẹ́ páànù, àwọn tí Monique kò tíì kọ sílẹ̀ kó tó lọ. Wọn kò pariwo. Obìnrin kan sún ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà fún un bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì.

François dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọ̀dọ́kùnrin ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Kò kú," ni ó kọ́kọ́ sọ. "Madame, kò kú. Mo ti fún un ní oògùn tó ń ṣẹ́gun pẹnisílínì náà. Ó ti ń mí dáadáa báyìí."

"Ọmọ ńkọ́?"

François wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Píjìn ló ń bá mi sọ. Èmi ò gbọ́ Píjìn, Bafoussam ni wọ́n ti tọ́ mi, Faransé là ń sọ níbẹ̀. Mo rò pé omi ló ń tọrọ. Mo wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan." Ó tún un sọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan."

Adéfúnkẹ́ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí Mọpẹ́olúwa kì bá tí mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò tí sísọ́sì ti dá àpá sí. Ó kúnlẹ̀ tì í. 

"Kò mì mọ́," ni Adéfúnkẹ́ wí.

"Adéfúnkẹ́."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti gún mi ni. Ó tàpá lẹ́ẹ̀kan, ó le gan-an, mo wá rò pé…" Ètè rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde dáadáa. "Mo sọ fún un. Mo fi ọwọ́ júwe. Mo wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún un. Kò wò mí, Mọpẹ́. Nǹkan yẹn ló ń wò."

"Mo ti dé. Mo wà níbí."

"Orúkọ ta ni wọ́n fi ń tọ́jú mi?"

Mọpẹ́olúwa fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

"Ó ń pe orúkọ kan sí mi lára. Mo ní kì í ṣe èmi. Ta ló ń jẹ́ Thérèse?"

 Mọpẹ́olúwa di ọwọ́ náà mú, ó gbé iwájú orí lé e, títí tí Adéfúnkẹ́ fi sùn, tàbí tí ó ṣe bí ẹni tó sùn. Lẹ́yìn èyí ó dìde, ó lọ sí iwájú, níbi tí kọ̀ǹpútà wà. François ti jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin arúgbó kan láti ìta, ẹni tí ikọ́ ń mì bí igi.

"Madame, nọ́ńbà wo ni kí n kọ fún un?"

"Má kọ nọ́ńbà kankan. Dìde fún mi díẹ̀."

Ó pe Jonah. Kò ní láti ṣàlàyé. Jonah ti ń dúró de ìpè náà. "Dán an wò lára ẹ̀dà fún mi," ni ó wí. "Tú àyè káàdì sílẹ̀."

"Mo ti dán an wò, Àǹtí. Láti ìgbà tí ẹ ti jáde."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

Jonah dákẹ́.

"Jonah, mo bi ọ́. Ó pẹ́ tó báwo?"

"Ẹ ṣe é, Àǹtí mi," ni Jonah wí. "Ẹ ṣáà ṣe é."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé. Lójú ẹ̀rọ, ó ń rí gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ: Youpwè ń kọ orúkọ, Marché Congo ń ka orúkọ, ẹnì kan níbòmíràn ń wá oògùn fún ẹnì kan. Èrò kò tíì dín kù rárá. Ó ronú nípa ìyá arúgbó mìíràn lórí bẹ́ǹṣì mìíràn. Ó ní, "Olúwa, ṣàánú fún wọn," ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú náà, ó tẹ̀ ẹ́.

Kò tíì gbé ìka kúrò nígbà tí ẹ̀rọ dáhùn.

Ó rò pé kò ṣe é ni. Ó tún wò ó. Àyè náà ti tú. Youpwè ṣì ń kọ orúkọ lọ. Marché Congo ṣì ń kà. Kò sí èyí tó dúró nínú wọn, kódà ìwọ̀nba tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Fún irú àyípadà yìí, ẹ̀rọ kò ní láti ti tábìlì pa rárá; ì bá ti ṣe é láàárọ̀.

"Ó ti tán?" ni François béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Mọpẹ́olúwa gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sókè. Ó dúró kí ó dún. Ó dúró kí Youpwè ráhùn, kí nọ́ọ̀sì kan ní Marché Congo bú u pé kí ló dé tí nǹkan tún dúró, kí Alàgbà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni. Arúgbó náà wúkọ́, ó tọrọ gáfárà, ó tún wúkọ́. Lórí páànù, òjò ń rọ̀ lọ. Fóònù náà kò dún.